Ẹsẹ̀ Lórí Kòkó, Ojú Nínú Fóònù

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó ń ra kòkó kọ kòkó wa, mo wà lórí àpáta ẹ̀yìnkùnlé wa ní Odòde, ní Ìdànrè. Mo ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó, mo sì ń fi àtàǹpàkò mi méjèèjì kọ̀wé sí obìnrin kan tí n kò rí rí láyé mi. Obìnrin náà fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun kó jáde nílé ọkọ òun tàbí kí òun dúró. Mo ti kọ ìdáhùn náà dé ìdajì. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dùn ún jù, tí kò sì ní tàn án jẹ. Ní gbogbo àsìkò náà, ẹsẹ̀ mi ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín kòkó, bó ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré.

Bí a ṣe ń yí kòkó nílé wa nìyẹn. Àwọn mìíràn a máa fi pátákó olọ́wọ́ gígùn wọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyá mi kò fẹ́ ẹ. Ó ní igi kì í mọ ohun tó ń fà. Ẹsẹ̀ lásán ni ká gbé wọ inú kòkó, ká máa wọ́ ọ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ lè bọ́ sókè, kí ti òkè lè bọ́ sísàlẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò sọ ibi tó ṣì tutù fún ọ. Tí ìyá mi bá ń ṣe é, a kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọ̀gá ilé-ìwé tó ń rìn kiri nínú kíláàsì. Èmi náà ń kó ọwọ́ sẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tí kò níṣẹ́ yẹn ni fóònù rí gbà.

Mo fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ tán ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń ra kòkó níwájú ilé. Mo ki fóònù bọ ìró, mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta. Ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àpò kòkó tí mo ti sá gbẹ ṣáájú wà níwájú rẹ̀, ìyá mi sì dúró tì í. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn ṣòwò. Ó mú ọ̀bẹ, ó la kòkó kan, ó dára. Ó la ìkejì, ó gbé e sójú oòrùn. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò náà dé ìgbúnwọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, ó sì ń là á lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ìyá, kòkó yín ti hewú,” ó wí. “Ó ti dàgbà jù mí lọ. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ fún un ni?”

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìlàjì kòkó náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbóòórùn rẹ̀. Inú rẹ̀ ti bu, ó funfun bí òwú.

“Ta ló sá a?” ọkùnrin náà bèèrè. “Ẹ̀yin kọ́. Mo mọ kòkó yín.”

“Ọmọ mi ni.”

“Ọmọ yín èwo? Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yìí?”

“Òun náà ni,” ìyá mi dáhùn. “Ó ń sọ̀rọ̀. Àwa kọ́ ló ń bá sọ ọ́.”

Mo gbọ́dọ̀ sọ níbí pé èdè Ìdànrè ni ìyá mi ń sọ, èdè àwọn àgbà, kì í ṣe bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Yorùbá ilé-ìwé ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n kọ́ mi láti kọ. Ní ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kúrú jù báyìí lọ, ó sì mú jù báyìí lọ.

Ọkùnrin náà kò ra àpò yẹn. Ó ní kí ìyá mi má bínú, òun kò lè dà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Nígbà tó lọ, ìyá mi gòkè lọ sórí àpáta, mo tẹ̀ lé e. Àpáta wa kò tẹ́jú délẹ̀. Ní apá ọ̀tún, kòtò pẹ̀lẹ́bẹ́ kan wà níbẹ̀ tí omi máa ń dúró sí tí òjò bá rọ̀. Ojú kì í tètè rí omi náà. Kò sí ẹni tó dàgbà nílé wa tí kò mọ̀ pé àkísà la fi ń nù ún kí a tó da kòkó sórí rẹ̀. Ìgbà òjò ni kòkó kékeré, ìkórè tó máa ń ṣáájú kòkó ńlá ìparí ọdún, máa ń bọ́ sí, òjò sì ti rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí mo sá èyí tó bu. N kò nù ún. Mo da kòkó bo omi mọ́lẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo sì fi ń yí i, àárín gbùngbùn ni mo ń rìn, nítorí pé ibẹ̀ ni èèyàn ti lè rìn láìwolẹ̀.

Ìyá mi fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ́ka sí kòtò náà. Ohun tó sọ ni pé, “Nígbà tí kòkó ńlá bá dé, màá ní kí àbúrò rẹ fi ọkọ̀ wá kó kòkó náà lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Òfósù. Ìyàwó rẹ̀ á bá mi sá a.”

“Màmá, ìyàwó rẹ̀ ò sá kòkó rí.”

“Á kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.”

Kí ó lè yé ẹni tó bá ń kà á: oko náà, ti ìyá mi ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń ká kòkó, àwọn ló ń fọ́ ọ nínú oko. Láti ìgbà tí kòkó tútù bá ti wọlé títí yóò fi wọ àpò, èmi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú tí mo padà wálé, iṣẹ́ tí ìyá mi gbé lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bi mí mọ́ ìdí tí mo fi wà nínú ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ. Mo lè kàwé, mo lè ṣírò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù lọ ni kí n bo kòkó kó gbóná, kí n sá a kó gbẹ. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, mo di obìnrin kan lásán tó ń gbé nílé ìyá rẹ̀.

Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé kòkó ńlá kò ní lọ sí Òfósù. Ìpinnu kò ṣòro. Ohun tó wà láàárín ìpinnu àti oṣù tí kòkó ńlá yóò dé ló ṣòro.

Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ ló ra fóònù náà fún mi, kí a lè máa rí ojú ara wa. Òun náà ló fi mí sínú gúrúùpù àwọn obìnrin kan, níbi tí wọ́n ti máa ń gbé ọ̀rọ̀ ilé wọn wá láìdárúkọ, tí àwọn yòókù á sì gbà wọ́n nímọ̀ràn. Fún ìgbà pípẹ́, kíkà ni mò ń kà. Lọ́jọ́ kan mo dá ẹnì kan lóhùn.

N kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n tó ro ohun tí mo fẹ́ sọ tán, wọ́n á ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú gúrúùpù yìí, èèyàn lè ro ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó kọ ọ́, kó pa á rẹ́, kó tún un kọ, kò sì sí ẹni tó máa já a gbà. Wọ́n fẹ́ràn ohun tí mo kọ. Nígbà tó yá, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn dúró kí wọ́n gbọ́ tèmi. Wọ́n fún mi ní orúkọ oyè kan tí n kò ní kọ síbí. Ká sọ òtítọ́, mo wúlò fún àwọn kan. N kò ní sọ pé n kò wúlò nítorí pé mo ti kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ibi ìmọ̀ràn, mo bọ́ sí ibi ìjà. Mo ń ka bí àwọn tí n kò mọ̀ ṣe ń bú ara wọn lórí ìṣèlú, lórí ìyàwó olórin, lórí ọbẹ̀ ìlú wo ló dùn jù. Mo ń lọ láti ojú-ìwé kan sí òmíràn bí ẹni tó ń tẹ̀ lé eṣinṣin. Bí mo bá gbé ẹja kaná, kí n tó ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta tán, ó ti jó. Ìyá mi a máa sọ ìtàn ilé fún mi nírọ̀lẹ́, èmi á sì máa dáhùn pé “ẹn-ẹ̀n.” Lọ́jọ́ kan ó dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín, ó wo ojú mi, mo tún dáhùn pé “ẹn-ẹ̀n.” Ó dìde, ó wọlé lọ. Kò sọ ìtàn fún mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti dín in kù. Mo gbé fóònù sórí àpótí aṣọ, mo gun àpótí ìjókòó lọ gbé e. Mo ní n kò ní ra dátà mọ́, kó tó di ọ̀sán mo ti rà á. Mo pa gúrúùpù náà rẹ́ pátápátá kúrò lójú fóònù, mo sì yọ̀, àṣé ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn lè gbà wọlé, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo pe ọmọ mi.

“Mọ́mì, ẹ fi òté lé e,” ó wí. “Fóònù yẹn ní ibi tí wọ́n ti ń sé e. Tí àkókò bá ti pé, á tì pa.”

“Ta ló máa mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i?”

“Ẹ̀yin náà ni.”

“Ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀ kò tíì tilẹ̀kùn.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Áà, Mọ́mì! Ẹ gbé ìyẹn síbẹ̀ o, wọ́n á fẹ́ràn ẹ̀ gan-an!”

Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kó tó sọ bẹ́ẹ̀, mo ti ń rò ó nínú ara mi bí n ó ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, èrò ọjà ni mò ń sọ ọ́ fún.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Mo ra fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, irú èyí tí a lè fi pè, tí a sì lè fi dáhùn, tán. Mo fi fóònù ńlá lé ọmọ mi lọ́wọ́, mo ní kó yí nọ́ńbà àṣírí tí mo fi ń wọlé padà, kó má sì sọ ọ́ fún mi, bí mo tilẹ̀ sunkún.

“Ẹ ò dágbére fún wọn?” ó bi mí. “Àwọn èèyàn yẹn fẹ́ràn yín. Ẹ kọ nǹkan kékeré.”

“Tí mo bá dágbére, wọ́n á dáhùn. Tí wọ́n bá dáhùn, màá fẹ́ kà á.”

“Ó le o.”

“Ó le. Yí nọ́ńbà náà.”

Ó yí i. Nínú ọkọ̀ tó gbé mi padà sí Ìdànrè, ọwọ́ mi ń wọ báàgì, ó ń jáde. Obìnrin tó jókòó tì mí rò pé owó mi ló sọnù. Ó ní, “Àǹtí, ẹ wò ó dáadáa, wọn kì í rí olè mú nínú ọkọ̀ yìí o.” Mo sọ fún un pé kò sí ohun tó sọnù.

N kò ní sọ pé ara mi fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi ń mì fúnra rẹ̀ lórí tábìlì, bí ẹni tó ń ti nǹkan sókè. Mo ń kọ ìdáhùn nínú orí fún ẹni tí kò bi mí léèrè. Ẹnìkan á sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ lórí rédíò, màá ti ní èsì fún un, n kò sì ní ibi tí n ó gbé e sí. Èyí tó sì dùn mí jù ni ti obìnrin tí mo dá lóhùn lórí àpáta lọ́jọ́ yẹn. Ó ti kọ̀wé padà kí n tó lọ sí Àkúrẹ́. Ó ní òun dúpẹ́, òun yóò sọ bí ó bá ṣe rí fún mi. N kò mọ bí ó ṣe rí. Tí mo bá ń fọ abọ́, màá ronú rẹ̀: ṣé ó ti kó jáde? Ṣé ẹnikẹ́ni nà án? Ó dà bíi pé mo yọ́ dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo fi ara dà á. Mo sọ fún ara mi pé obìnrin náà ní ìyá, ó ní ẹ̀gbọ́n, ó ní aládùúgbò, àti pé ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn ṣì wà nínú gúrúùpù náà tí ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. Kòkó tèmi kò ní ẹlòmíràn.

Ní ìgbà tí òjò fi ń dáwọ́ dúró díẹ̀, kí kòkó ńlá tó pọ́n, mo mú búrọ́ọ̀ṣì àti omi, mo fọ àpáta. Mo ha gbogbo ohun tútù tó ti lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Mo tún agbọ̀n tó ti já hun. Ìyá mi a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á máa wò mí.

“Ṣé fóònù náà kú ni?” ó bèèrè lọ́jọ́ kan.

“Mo fi lé ọmọ lọ́wọ́.”

“Òun lá máa bá ọ tẹ̀ ẹ́?”

“Rárá o.”

“Á padà wá,” ó wí. “Ohun tí kò kú máa ń padà wá.”

Kò yí ọ̀rọ̀ Òfósù padà. Mo gbọ́ ọ tó ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ pé kó mú ọkọ̀ rẹ̀ wá tí wọ́n bá ti fọ́ kòkó àkọ́kọ́.

Ohun tí ìyá mi sọ ṣẹ lápá kan, nítorí pé fóònù náà padà wá lóòótọ́. Ọmọ mi wá kí wa ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó sì gbé e wá nínú báàgì rẹ̀. A ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn ilé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Mọ́mì, wọ́n ń bèèrè yín. Àwọn kan rò pé ẹ ti kú. Ẹnìkan gbàdúrà kí ọkàn yín sinmi.”

“Àmín,” mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. “Obìnrin kan kọ̀wé sí yín. Níbi ìbẹ̀rẹ̀ tó hàn lójú fóònù, ó ní ẹ̀yin ló gba òun nímọ̀ràn. N kò tíì ṣí i. Mo rò pé ẹ máa fẹ́ kà á.”

Mo mọ obìnrin tó jẹ́. Gbogbo ara mi mọ̀ ọ́n. Fóònù náà wà lórí itan ọmọ mi, ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Mo rí ọwọ́ mi tó dìde kúrò nínú ẹ̀gúsí, ó dúró lójú afẹ́fẹ́ níbẹ̀, èpo funfun lẹ̀ mọ́ ìka mi.

“Ìwọ ṣí i,” mo wí. “Wò ó bóyá ó wà nínú ewu. Tí ó bá wà nínú ewu, sọ fún mi kí a wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Tí kò bá sí nínú ewu, má sọ nǹkan kan fún mi.”

Ó ṣí i. Mo ń wo ojú rẹ̀ bó ti ń kà á. Ó kà á pẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó pa fóònù náà, ó dá a padà sínú báàgì, ó sì mú ẹ̀gúsí.

“Kò sí nínú ewu,” ó wí.

“Ó dáa. Kọ̀wé sí i pé mo wà láàyè, àti pé mo ti kúrò níbẹ̀.”

“Kò tán síbẹ̀ o, Mọ́mì. Ẹ ò fẹ́ mọ—”

“Bó ẹ̀gúsí.”

Títí di òní, n kò mọ̀. Ó ṣì ń yọ mí lẹ́nu nígbà mìíràn, n kò ní purọ́.

Kòkó ńlá dé. Àwọn òṣìṣẹ́ fọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ọkọ̀ àbúrò mi sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Kòkó tí a ti fọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá mi wo agbọ̀n kòkó tútù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀yìnkùnlé, ó wò mí, ó sì wọlé. Kò ní kí n ṣe é, kò sì ní kí n má ṣe é. Mo lọ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo tẹ́ ewé sínú agbọ̀n, mo da kòkó sí i, mo fi ewé bò ó, mo fi òkúta lé e lórí. Omi rẹ̀ ń ro dànù lábẹ́, òórùn kíkan gba ẹ̀yìnkùnlé kan. Tí ó bá tó àkókò, mo ṣí i, mo kó èyí tó wà lókè sísàlẹ̀. Láràárọ̀ ni mo rí i pé ẹnìkan ti ṣí etí ewé kí n tó dé, ó sì ti dá a padà. Ìyá mi ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti mọ bó ṣe gbóná tó. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Nígbà tí mo wá dà á sórí àpáta, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọjọ́ burúkú jù lọ. N kò mọ bí iṣẹ́ náà ti gùn tó tẹ́lẹ̀. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, oòrùn kò sún. Orí mi ń wá ohun tí yóò jẹ. Mo wo òkè, mo wo ẹyẹ àwòdì, mo ka ilé tó wà nísàlẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Mo kàn ń gbé ẹsẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ nǹkan kan tí n kò tíì gbọ́ fún ọdún mélòó kan. Kòkó tútù kì í dún lábẹ́ ẹsẹ̀, ó kàn ń lẹ̀ ni. Bó bá ti ń gbẹ, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tó bá gbẹ tán, a máa dún ṣàkàṣàkà bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ohùn náà kì í bọ́ sí ọgbọọgba. Ó lè ti ń dún lápá kan, kó ṣì dákẹ́ lápá kejì. Bí ọkàn èèyàn bá wà nínú fóònù, kò lè gbọ́ ọ. Mo ń tẹ̀ lé ibi tó dákẹ́. Mo dé etí àpáta, mo dé ibi tí èèyàn gbọ́dọ̀ wolẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀, mo wolẹ̀. Mo kó ti ibi tí òjìji òkè máa ń tètè bò lọ sí ibi tí oòrùn ṣì wà. Iṣẹ́ náà ṣì gùn, ṣùgbọ́n mo wà nínú rẹ̀.

Kòkó náà ti gbẹ tán, ti ìkejì sì ti wà nínú agbọ̀n, nígbà tí àbúrò mi gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé láti Òfósù. Ó kọ́kọ́ wá bá mi lẹ́yìn ilé.

“Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé wọ́n ti yọ yín níṣẹ́.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ọ̀gá yín. Ìyàwó mi ti ra bàtà tó máa fi ṣiṣẹ́.”

“Ẹsẹ̀ lásán la fi ń ṣe é.”

“Ẹ̀n, èmi náà ti sọ fún un. Ó ní kí àbẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.”

Ìyá mi ti jáde. Ó bọ́ bàtà sísàlẹ̀ àpáta, ó di ìró rẹ̀ gírí, ó gun orí rẹ̀. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó wọ inú kòkó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, kì í ṣe láti àárín. Ojú rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, kò wolẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wò. Mo dúró. Àbúrò mi fẹ́ sọ̀rọ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá mi rìn dé gbogbo ibi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú kòkó kan, ó fi eyín fọ́ ọ, ó wo inú rẹ̀, ó jẹ ìdajì, ó ju ìyókù sẹ́yìn. Ó mú òmíràn níbòmíràn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, àbúrò mi ló kọjú sí.

“Ṣé o ti jẹun?”

“N kò tíì jẹun, Màmá.”

“Wọlé lọ jẹun. Kó o máa lọ kí ilẹ̀ má tó ṣú, ọ̀nà yẹn ò dára.”

“Kòkó tó wà nínú agbọ̀n ńkọ́?”

“Kòkó wo?”

“Màmá! Láti Òfósù! Epo tí mo rà ńkọ́?”

“Ọjọ́ tí mo ní kó o wá, ṣé o wá?” ìyá mi bi í. “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, gbé odi kan fún ìyàwó rẹ. Sọ fún un pé mo kí i, kó fi bàtà rẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì.”

Àbúrò mi wò mí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ láìtíì rojọ́, ó sì wọlé lọ bá oúnjẹ. Ó kù èmi àti ìyá mi lẹ́yìn ilé. Ó ń wá bàtà rẹ̀, mo gbé e fún un. Mo fẹ́ dúpẹ́. Èyí tó jáde ni ìbéèrè iṣẹ́.

“Màmá, ọ̀la ni mo fẹ́ ṣí agbọ̀n yìí, kí n yí i. Ṣé kí n wá pè yín láàárọ̀, kẹ́ ẹ wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́?”

Ó ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, ó fara ti èjìká mi, ó ki èkejì bọ̀ ọ́.

“Kí lo fẹ́ pè mí fún?” ó wí. “Ìwọ lo ni kòkó. Jẹ́ n sùn.”